Ojúlówó Tí Wimalasena Rà

Bí ẹ bá dé Bandarawela lórí òkè, tí ẹ sì béèrè ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í yẹ̀, ilé Wimalasena ni wọn yóò júwe fún yín. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ló fi ṣe ọ̀gá ibùdókọ̀ ojú irin, kò sì jẹ́ kí ẹ̀dá alààyè kan wọ ọkọ̀ láìní tíkẹ́ẹ̀tì. Àbúrò ìyá rẹ̀ dán an wò lẹ́ẹ̀kan. Ẹsẹ̀ ni obìnrin náà fi rìn dé ìlú Ella.

Karunawathi, ìyàwó rẹ̀, ló máa ń fi ọ̀rọ̀ yìí rẹ́rìn-ín jù. Obìnrin náà mọ ìtàn bí ẹni mọ ọ̀nà ilé. Nígbà tí àrùn mú un lọ́fun, tí dókítà ní àwọn yóò gé ibi tí ohùn ti ń jáde, kò sunkún. Ohun tó sọ ni pé, “Ọmọ Sandamali ńkọ́?” Sandamali ni ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Ítálì ló ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ló sì bí Oneli sí. Karunawathi jókòó ti kọ̀ǹpútà ilé wọn fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, ó pa ìtàn mẹ́tàlélógún fún ọmọ-ọmọ tí kò fojú kàn rí, kọ̀ǹpútà sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gé ọ̀fun. Kò pé oṣù mẹ́jọ tó fi kú.

Wimalasena kò gbọ́ ẹyọ kan nínú ìtàn náà. Ó ní bí Oneli bá wá ṣọdún tuntun ilẹ̀ wọn ní oṣù kẹrin, àwọn méjèèjì ni yóò jọ jókòó gbọ́ ọ. Láràárọ̀, yóò tan kọ̀ǹpútà, yóò wo àmì kéékèèké mẹ́tàlélógún tó dúró fún àwọn ìtàn náà lójú kọ̀ǹpútà, tí wọ́n tò bí eyín àgbàdo, yóò sì tún pa á.

Ó ṣe, ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ojú kọ̀ǹpútà dúdú. Àwọn àmì náà ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ti jáde ní igun ìsàlẹ̀: ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà yìí kì í ṣe ojúlówó. Ó pe Ebert, aládùúgbò rẹ̀, kó wá wò ó.

Ebert bú sẹ́rìn-ín. “Wimale, èyí lo torí ẹ̀ pariwo? Ta ló ń lo ojúlówó ní gbogbo orí òkè yìí? Àwo ètò ayédèrú tí wọ́n ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà ni gbogbo wa ń lò.”

“A jẹ́ pé wọ́n jí i.”

“Ta ló jí i? Ìwọ? Ògiri ta lo fò?”

“Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Láràárọ̀ ni mò ń jẹ́jẹ̀ẹ́ níwájú Búdà pé n kò ní mú ohun tí a kò fún mi. Ohùn ìyàwó mi wá ń gbé inú ilé olè. Oṣù tó ń bọ̀ la ó ṣe sàráà ọdún kan ikú rẹ̀. Èrè sàráà wo ni n ó fi ránṣẹ́ sí òkú, nígbà tí olè bá wà nínú ilé mi?”

“Ohùn ò mọ onílé, ọ̀rẹ́ mi. Jẹ́ ká mu tíì.”

Wimalasena kò mu tíì. Ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Colombo. Ẹni tó ń ta ètò ojúlówó gbé páálí méjì síwájú rẹ̀. Ó ní èyí tí owó rẹ̀ rọjú jẹ́ ti ẹni tó ti ní ojúlówó àtijọ́ tó kàn fẹ́ sọ ọ́ di tuntun. Èyí tó wọ́n jẹ́ ti ẹni tí kò ní nǹkan kan. “Ẹ mú èyí tó rọjú, bàbá. Ta ni yóò yẹ̀ yín wò?”

“Èmi,” ni Wimalasena wí. Ó ra èyí tó wọ́n. Orí itan ló gbé e lé títí ọkọ̀ fi gun òkè padà, bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

Ọ̀dọ̀ Thushari ló gbé kọ̀ǹpútà lọ. Thushari ló ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nílùú náà, ó sì ti mọ Wimalasena láti kékeré.

“Bàbá Rélùwéè! Ẹ káàbọ̀. Mi ò tíì dárí jì yín o. Lọ́jọ́ ìdánwò mi, ẹ ní kí n padà sílé lọ mú tíkẹ́ẹ̀tì wá.”

“Ṣé o tún gbàgbé ẹ̀ mọ́?”

“Kí n tún gbàgbé kẹ̀? Mò ń gbé e sùn ni!” Ó gba páálí náà, ó yí ìwé àṣẹ inú rẹ̀ sókè sódò. “Ojúlówó! Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé bó ṣe rí. Ó dáa, ẹ gbọ́. Yàrá méjì la pín inú kọ̀ǹpútà sí níbí. Yàrá C ni ètò ń gbé, yàrá D sì wà fún ẹrù onílé. Ètò tuntun yìí ò lè bá ti àtijọ́ yìí gbé. Àfi kí n gbá yàrá C mọ́ tónítóní. Mi ò ní fọwọ́ kan D. Kí lẹ ní sí C?”

Wimalasena ti ṣí yàrá C wò rí. Orúkọ àjèjì ló kún ibẹ̀, kò rí ohun tó jọ ti Karunawathi. “Kò sí nǹkan wa kankan níbẹ̀.”

“Ó dá yín lójú?”

“Mo ti wò ó.”

Thushari ti na ọwọ́ láti yẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ̀, bó ti máa ń ṣe fún gbogbo ènìyàn. Ó ká ọwọ́ kò. “Tó bá jẹ́ ẹlòmíràn ni, mi ò ní gbà á gbọ́. Ẹ̀yin kọ́.”

Áà. Ohun tí Wimalasena kò mọ̀ ni pé ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà, inú yàrá C ló ń sùn. Ohun tí òun ń rí gbangba láràárọ̀, báwo ni yóò ṣe rò pé inú yàrá kan ló wà?

Wọ́n gbá yàrá mọ́. Ètò tuntun wọlé. Nígbà tó béèrè nọ́ńbà ìwé àṣẹ, Wimalasena kà á sókè ketekete, lẹ́tà kan, nọ́ńbà kan, bó ti máa ń ka nọ́ńbà ọkọ̀ ẹrù láyé ọjọ́un. Kọ̀ǹpútà gbà á: ojúlówó ni. Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ti tó ọdún kan tí ẹnikẹ́ni ti rí eyín rẹ̀ gbẹ̀yìn.

Ilé ló ti tan án. Ojú rẹ̀ ń dán, ó mọ́, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó dúró, bóyá àwọn àmì náà ń bọ̀. Ó pa á, ó tún un tàn. Ó gbé e padà sọ́dọ̀ Thushari láìwọ bàtà.

Ọjọ́ méjì ni Thushari fi wá àwọn ìtàn náà, kò tún ti ẹlòmíràn ṣe. Ní ọjọ́ kẹta ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. “Ètò tuntun ti tẹ́ ẹní lé ibi tí wọ́n wà, bàbá. Ǹ bá ti wò ó. Ǹ bá ti wò ó!”

“Mo sọ fún ọ pé mo ti wò ó,” ni Wimalasena wí. “Dìde, ọmọ mi. Ilẹ̀ tutù.”

Ebert kò fi í rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ó fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Sọ fún Sandamali pé àrá ló pa á. Àrá ń pa kọ̀ǹpútà lórí òkè yìí. Ta ni yóò bá ọ jiyàn?”

Wimalasena pe ọmọ rẹ̀. “Èmi ni mo pa ohùn ìyá rẹ rẹ́. Wọ́n bi mí, mo sì ní kò sí nǹkan níbẹ̀.”

 Sandamali ní, “Bàbá, àwọn ìtàn wo ni ìyá mi pa?”

“N kò mọ̀.”

“Ṣé ẹ ò gbọ́ ọ nígbà tó ń pa á ni?”

“Ikọ́ ń ṣe mí nígbà náà. Ó ní kí n jókòó síta, kí ikọ́ mi má baà wọ inú ìtàn. Mo kàn ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti ìta.”

Sandamali sunkún títí owó ìpè fi tán.

Oneli dé ní oṣù kẹrin. Wọ́n se ìrẹsì pẹ̀lú wàrà àgbọn, ọmọ náà jẹ, ó sì wá gun orí ẹsẹ̀ bàbá àgbà rẹ̀. Ó ní ìyá òun sọ fún òun pé ìtàn wà nílé yìí. Wimalasena tún ọ̀fun ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kan tó fẹ́ sọdá odò, tí ọ̀nì ní kó gun ẹ̀yìn òun. Ó pa á dé àárín odò, níbi tí ọ̀nì ti yíjú padà, ó sì dákẹ́.

“Kí ló wá ṣẹlẹ̀?” ni Oneli bi í.

“N kò rántí mọ́,” ni bàbá wí. “Ìyá àgbà rẹ ló mọ̀ ọ́n.”

Ọmọ náà ń wo ẹnu rẹ̀, ó ń dúró.