Bísíkíìtì Tí Ọmọ Náà Kò Mú

Mo ti pa irọ́ bíi mélòó kan láyé mi, púpọ̀ nínú wọn kò sì dí mi lọ́wọ́ oorun. Irọ́ kan ṣoṣo ló wà tí ojú rẹ̀ ṣì ń tì mí títí dòní. Mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ sínú ìwé, akọ̀wé kan tẹ̀ ẹ́, wọ́n fi páálí aláwọ̀ búlúù dì í, wọ́n sì fún mi ní máàkì tó dára lórí rẹ̀. Àwọn ẹbí mi pa adìyẹ nítorí máàkì yẹn, èmi náà sì jẹ nínú ẹran rẹ̀.

Yunifásítì ní Benin ni mo wà nígbà náà, ní nǹkan bí ọdún 1984, ọdún tí mo fẹ́ jáde. Ẹ̀kọ́ nípa ìdàgbàsókè ọmọdé ni mò ń kọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ṣe ìwádìí kan kó tó gba ìwé ẹ̀rí, mo sì mú tèmi lórí bí àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ń dàgbà ní Benin ṣe ń bá ènìyàn gbé: ṣé wọ́n lè bá ẹgbẹ́ wọn ṣeré, ṣé wọ́n ń pín nǹkan fún ọmọ ẹlòmíràn, kí ni wọ́n ń ṣe bí inú bá ń bí wọn, ṣé ẹ̀rù àgbàlagbà ń bà wọ́n. Mo rò pé iṣẹ́ náà máa rọrùn bí ẹni mu omi. Yorùbá ni mí, ọmọ Yorùbá ni wọ́n, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ní Iyaro sì ni èmi àti púpọ̀ nínú àwọn ìyá wọn ń lọ. Ta ló máa mọ̀ wọ́n jù mí lọ? Bí mo ṣe ń fẹ̀ nìyẹn, tí mò ń gbé báàgì aláwọ kiri bí ọmọ mínísítà.

Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi, olùkọ́ kan tó ń gbé ní GRA, ló fún mi ní fọ́ọ̀mù. Òkè òkun ni wọ́n ti ṣe é. N ó lọ sílé ọmọ kọ̀ọ̀kan, n ó jókòó, n ó gbé bísíkíìtì lé orí tábìlì, n ó ní kí ọmọ náà mú un kó sì pín in fún àwọn tó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, n ó bi í ní ìbéèrè díẹ̀, n ó sì fi àwòrán ojú ènìyàn hàn án kó lè tọ́ka sí ẹni tínú rẹ̀ dùn àti ẹni tínú ń bí. Ọmọ tó bá wò mí lójú, tó dáhùn, tó mú bísíkíìtì tó sì pín in, kò sí wàhálà lọ́dọ̀ tirẹ̀. Èyí tó bá sorí kọ́, tó dákẹ́, tí kò fọwọ́ kan nǹkan kan, ìyẹn ní ìṣòro. Fọ́ọ̀mù náà sì pa á láṣẹ pé ohun tó bá ṣẹlẹ̀ láti ìgbà tí mo bá jókòó títí dìgbà tí mo bá dìde nìkan ni kí n kọ.

Ẹnikẹ́ni tí ìyá Yorùbá bá tọ́ dàgbà yóò ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ. Nílé tiwa, bí àlejò bá na nǹkan jíjẹ sí ọ, o kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án kí o tó wo ojú ìyá rẹ. Bí ojú ìyá rẹ bá rọ̀, wàá kúnlẹ̀, wàá gbà á, wàá dúpẹ́. Bí ó bá ranjú mọ́ ọ, wàá sọ pé o ti yó, ì báà jẹ́ pé láti àárọ̀ ni o kò tíì jẹun. Èmi fúnra mi ti sọ pé mo ti yó rí níwájú àwo ìrẹsì tí itan adìyẹ jókòó lé lórí, bẹ́ẹ̀ ni mò ń gbé itọ́ mì. Ìyá mi kò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ojú nìkan ló fi bá mi wí, mo sì gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Nínú àwọn ilé tí mo kọ́kọ́ lọ, gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa. Àwọn ìyá ti sọ fún àwọn ọmọ wọn ṣáájú pé Sístà láti yunifásítì ń bọ̀, pé ohunkóhun tí ó bá fún wọn kí wọ́n gbà á. Àwọn ọmọ náà gbà á. Wọ́n jẹ bísíkíìtì mi tán, wọ́n fi Pidgin dáhùn gbogbo ohun tí mo fi Yorùbá bi wọ́n, àwọn kan tún béèrè bóyá ó kù sí i. Mo kó fọ́ọ̀mù lọ fún ọ̀gá mi pẹ̀lú ẹ̀rín. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó bọ́ awò ojú rẹ̀ sílẹ̀, ó bi mí bóyá gbogbo ọmọ Yorùbá tó wà ní Benin ti di áńgẹ́lì. Ó ní ìwádìí lórí ìṣòro ọmọdé tí kò rí ọmọ kan ṣoṣo tó ní ìṣòro, òun kò mọ ohun tí òun máa fi ṣe. Ó ní kí n padà lọ wò dáadáa, kí n sì mú un wá láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Inú bí mi débi pé n kò wọ mọ́tò. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn láti GRA, mò ń bá ara mi sọ̀rọ̀. Ọmọ kan péré ló kù lórí ìwé mi.

Ọmọ ọdún méje ni, obìnrin. Télọ̀ ni ìyá rẹ̀, ní Iyaro, ó sì ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa. Nígbà tí mo dé ọgbà wọn, ọmọ náà wà níta pẹ̀lú àwọn ọmọ ilé yòókù. Méjì nínú wọn ń jà sí táyà kẹ̀kẹ́ kan tí wọ́n ń yí kiri. Ó já a gbà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, ó gbé e pa mọ́ sẹ́yìn ara rẹ̀, ó wá dájọ́: "You go roll am reach gutter come back, then na him turn. Who fight no go touch am." Àwọn ọmọ náà gbà. Èyí tó kéré jù nínú wọn ṣì ń sunkún, ó fi etí aṣọ ara rẹ̀ nu imú fún un, ó sì dì í lọ́wọ́ mú títí tó fi kan án láti yí táyà. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo rẹ́rìn-ín. Mo sọ lọ́kàn mi pé adájọ́ ni ọmọ yìí máa dà.

Mo wọlé. Ìyá rẹ̀ pè é. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó jókòó sórí àpótí kékeré kan, ó wolẹ̀. Mo gbé bísíkíìtì jáde, mo ní, "Ó yá, mú un, kó o pín in fún àwọn tó wà níta." Ọmọ náà gbójú sókè wo ìyá rẹ̀. Ìyá náà wà nídìí máṣíìnì, ó fi eyín di òwú mú, ó ń tẹ etí ìró kan. Ó kàn ranjú mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì dojú kọ iṣẹ́ rẹ̀ padà.

Mo rí i. N kò lè sọ pé n kò rí i, nítorí àárín àwọn méjèèjì ni mo jókòó sí. Ọmọ náà sorí kọ́. Mo bi í ní ìbéèrè, kò dáhùn. Mo kó àwòrán síwájú rẹ̀, kò tọ́ka sí ọ̀kankan. Ìyá rẹ̀ ń ránṣọ lọ, mo sì rí i pé inú rẹ̀ ń dùn, ó ń fi hàn mí pé òun tọ́ ọmọ òun, pé ọmọ òun kì í ṣe wọ̀bìà. Ká ní mo sọ pé, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ kó mú un," ọ̀rọ̀ ì bá ti tán. N kò sọ ọ́. Mo ṣí bírò. Ohun tó ń dùn mí jù nìyí: inú mi dùn. Mo ti rí ọmọ tó ní ìṣòro.

Mo kọ ọ́ pé ẹ̀rù àgbàlagbà ń bà á, pé kò lè dá ènìyàn lóhùn, pé kò mọ bí a ṣe ń pín nǹkan, pé ó nílò ìrànlọ́wọ́. N kò kọ ohunkóhun nípa táyà, nítorí n kò tíì jókòó nígbà yẹn. Ẹ ò rí i bí mo ṣe pa òfin fọ́ọ̀mù mọ́ tó.

Ká ní mo mọ níwọ̀n, ǹ bá ti kó bísíkíìtì mi lọ jẹ́ẹ́. Ìyá rẹ̀ sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, ó bi mí pé, "Sístà, báwo lẹ ṣe rí ọmọ mi?" Ojú rẹ̀ ń retí ìyìn. Mo gbé ohùn yunifásítì wọ̀. Mo ní, "Mọ́mì, ọmọ yín ní ìṣòro díẹ̀ o. Kì í túra ká, ẹ̀rù ènìyàn ń bà á. Irú wọn kì í ṣe dáadáa níléèwé bí a kò bá tètè mójú tó o."

Ó gbé ọwọ́ lé àyà. "Ọmọ tèmi?"

"Ohun tí ìwádìí fi hàn nìyẹn, ma." Mo pe ìwádìí bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹnì kan tó dúró lẹ́yìn mi.

Ọ̀gá mi fẹ́ràn ohun tí mo kọ. Odindi orí ìwé kan ni mo kọ lórí ọmọ yẹn, ó sì kà lára rẹ̀ sí etí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi. Mo jókòó, mo ń ṣe bí onírẹ̀lẹ̀.

Nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn náà, a parí ìsìn lọ́jọ́ Sunday kan, ìyá náà sì fa ọmọ rẹ̀ wá bá mi lábẹ́ igi tí a máa ń dúró sí. "Ó yá, kí Àǹtí. Wo ojú wọn. Sọ̀rọ̀." Ọmọ náà kò kúnlẹ̀ bó ti ṣe níjọ́sí. Ó gbójú sókè, ó tẹjú mọ́ mi, ó fi èèbó ka orúkọ rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀, kíláàsì rẹ̀ àti àdúgbò wọn láìmí, bí ẹni tó wà ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ó parí rẹ̀ pé inú òun dùn láti rí mi. Ọwọ́ rẹ̀ ń fa etí aṣọ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó ń sọ ọ́.

"Sístà, ẹ rí i?" ni ìyá rẹ̀ wí, tẹ̀ríntẹ̀rín. "Ó ti ń gbọ́. Gbogbo àlejò tó bá wọlé mi báyìí, mo máa ń pè é kó wá bá wọn sọ̀rọ̀. Tó bá dákẹ́, pàṣán ni. Ọlọ́run á bá mi san án fún yín."

Àpá pàṣán méjì wà lápá ọmọ náà, ọ̀kan kò tíì jinná. Mo ní, "Ó dára, ma." Mo ní kí wọ́n bá mi kí Dádì. Mo sì sá lọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń ro ẹjọ́ tí mo máa rò fún ara mi. Mo ní fọ́ọ̀mù ló jẹ̀bi. Mo ní èmi kọ́ ni mo di pàṣán mú. Mo ní ọ̀gá mi ló fipá mú mi. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù kò ní ojú, ọ̀gá mi kò sí níbẹ̀. Èmi ni mo rí i. Lọ́sàn-án Saturday kan, mo lọ sí ilé wọn.

Ó ń ránṣọ. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Mọ́mì, ọmọ yín kò ní ìṣòro kankan. Mo rí ojú tẹ́ ẹ wò ó lọ́jọ́ yẹn."

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ dá táyà máṣíìnì dúró. "Ẹ rí i?"

"Mo rí i, ma."

"Ẹ sì mọ̀ pé èmi ni mo ní kó má mú un?"

"Mo mọ̀, ma."

Ó ní, "Mo fẹ́ kẹ́ ẹ lè sọ lọ́hùn-ún pé ọmọ télọ̀ náà ní ẹ̀kọ́ ilé." Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé, "Mo ti ń na ọmọ yìí lórí ohun tí èmi fúnra mi kọ́ ọ." Kò pariwo. Ì bá pariwo ni, ara ì bá tù mí díẹ̀. Ó bi mí bóyá a lè pa ohun tí mo kọ rẹ́. Mo ṣèlérí pé n ó lọ bá ọ̀gá mi kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. N kò lọ. Ẹ̀rù bà mí pé wọ́n máa gba máàkì mi, ìwé náà sì wà ní láíbìrì níbẹ̀ títí mo fi kúrò ní Benin.

Ó ní kí n dìde, pé ọmọ ni kí n lọ bẹ̀, kì í ṣe òun. Ó pè é láti ẹ̀yìnkùlé. Ọmọ náà sáré wọlé, iyanrìn lẹ́sẹ̀, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín ohun tí wọ́n ń ṣe níta. Bó ti rí mi, ẹ̀rín náà tán. Ó kúnlẹ̀. Ó wo ojú mi, ó wo báàgì mi, kí n sì tó la ẹnu ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí.

"Aunty, abeg, no write me again. I dey talk now. Ask my mama, I dey talk."

Ìyá rẹ̀ tẹrí ba sórí máṣíìnì. Mo sọ fún ọmọ náà pé òun kò ṣẹ̀, pé èmi ni mo ṣẹ̀, pé n kò ní kọ nǹkan kan mọ́. Kò gbà mí gbọ́. Mo ní n kò tilẹ̀ mú bírò wá. Ó ní kí n ṣí báàgì kí òun rí i. Mo ṣí i sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sì kó gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń yẹ̀ wọ́n wò.