Bàbá Dápadà Kì Í Pa Àṣìṣe Rẹ́

Ọjọ́ tí Àǹtí Kánjú nu iṣẹ́ oṣù mẹ́ta gbogbo ọ́fíìsì nù kúrò nínú kọ̀ǹpútà, ẹkún rẹ̀ pọ̀ débi pé àwọn ará àjà kẹta sọ̀kalẹ̀ wá bá a kẹ́dùn òkú. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi wọ́n.

Ẹ̀dà àtijọ́ ló fi bo ti gbogbo èèyàn mọ́lẹ̀ níbi ìpamọ́ tí wọ́n jọ ń kó iṣẹ́ sí, níbi tí àyípadà kọ̀ọ̀kan ti ń gbé orúkọ ẹni tó ṣe é àti ọ̀rọ̀ díẹ̀ tó fi tì í.

"Bàbá, wọ́n á lé mi!" ló ń ké sí Bàbá Dápadà, àgbà ọ́fíìsì tó máa ń dá iṣẹ́ tó bá sọnù padà.

"Sún sẹ́yìn, kí omijé má kán sórí bọ́tìnnì."

Ìka méjì péré ni Bàbá Dápadà fi ń tẹ̀wé, àmọ́ ìka méjì yẹn lè jí òkú. Kí tíì rẹ̀ tó tutù, ó ti wá iṣẹ́ náà rí nínú kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó sì ti dá gbogbo rẹ̀ padà. Ó ṣì ráhùn pé ṣúgà kò tó.

Ohun kan ni kì í ṣe: kì í pa àṣìṣe rẹ́. Àtúnṣe ló máa ń gbé lé e lórí, kí gbogbo ayé lè rí méjèèjì.

"Bàbá, ẹ pa á rẹ́ ká sinmi," ni ọ̀gá máa ń wí.

"Ọ̀gá, bí ẹ bá ṣubú lójú títì, ṣé ẹ máa pa ìṣubú rẹ́ ni? Ẹ ó dìde, ẹ ó gbọn aṣọ. Àwa tá a rí yín, a ti rí yín ná."

Bàbá kú ní ọjọ́ Ẹtì kan tí òjò ń rọ̀. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ilé ìwòsàn tí wọ́n ń bá ṣe ètò kọ̀ǹpútà fi ìbínú pè: kọ̀ǹpútà ní kí àwọn aláìsàn wá lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n sì bá ilẹ̀kùn ní títì. Àyípadà tí bàbá ṣe kẹ́yìn ló fà á.

Ọ̀gá rọra wá dúró ti Àǹtí Kánjú.

"Pa á rẹ́ pátápátá. Nítorí orúkọ bàbá ni."

Bó bá pa á rẹ́, orúkọ bàbá á mọ́ lóòótọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ tó kọ kẹ́yìn láyé á bá a lọ. Ó ṣí i wò:

"Gíláàsì ojú tuntun ni mo lò lónìí. Bí nǹkan bá bàjẹ́, òun ni kẹ́ ẹ mú."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Omijé tẹ̀ lé e. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè pa eléyìí rẹ́."

Ọ̀gá kà á, ó nu ojú. "Ṣe é bó ṣe máa ń ṣe é."

Ó gbé àtúnṣe lé e, ọjọ́ àwọn aláìsàn sì bọ́ sí ààyè rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó fi tì í rèé:

"A ti mú gíláàsì náà. Ẹ sùn re, Bàbá."