Omi Abẹ́ Pákó Ilé Ìdáná Fusae

Ilẹ̀ tó mì láàárọ̀ ọjọ́ náà kì í ṣe irú èyí téèyàn ń di ife tíì mú dè títí yóò fi kọjá. Ó gbo ilé Fusae jìgìjìgì, àwo fọ́, omi ẹ̀rọ sì dá wáí. Síbẹ̀, Fusae kò mikàn. Ta ni kò mọ̀ ọ́n létí òkun ìlú Kochi níbẹ̀? Ìrẹsì, ẹja inú agolo àti ìgò omi ló kún abẹ́ pákó tí wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ ilé ìdáná rẹ̀. Ó sì ń fọ́nnu kiri pé, "Lọ́jọ́ tílẹ̀ bá mì, ẹ gbé kẹ́tùlù yín wá bá mi!" Hirose, opó òdìkejì tí kò tọ́jú ju ìgò omi kan lọ, ni Fusae máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ jù: "Ìgò kan ṣoṣo! Ṣé ẹyẹ lo fẹ́ fún lómi ni?"

Gensaku ọkọ Fusae ló ń pààrọ̀ omi abẹ́ pákó náà. Látìgbà tí dókítà ti ka ọtí léèwọ̀ fún un ló ti gba iṣẹ́ ọ̀hún ṣe. Á da ti àtijọ́ sídìí òdòdó, á rọ tuntun. Fusae ń yìn ín fáráyé.

Ọmọ-ọmọ wọn figbe ta.

Chinatsu, ìyá ọmọ náà, ní, "Màámi, ebi ń pa á o! Kò sómi tí mo lè fi po mílíìkì."

"Kí ebi pa ọmọ mi níṣojú èmi Fusae? Ó tì o!"

Ó ṣí pákó, ó da ìgò kan sínú kẹ́tùlù, ó na ọwọ́ sí sítóòfù. Gensaku fò mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Má tanáá sí i!"

Fusae ní, "Kí ló ṣe yín, Bàbá?"

Òórùn ọtí ọ̀dùnkún gba ilé kan. Yéè! Ọtí tó mọ́ gaara bí omi! Fusae ṣí ìgò kejì, ọtí. Ó ṣí ẹ̀kẹta, ọtí.

"Bàbá, gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀ ni."

Ọmọ ṣì ń ké. Wọ́n kanlẹ̀kùn, Fusae ṣí i. Hirose ló dúró níwájú, àwọn ará àdúgbò tò sẹ́yìn rẹ̀. Ó na ìgò omi kan sí Fusae.

"Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀ pé tèmi ò tó nǹkan. Ẹ dà á mọ́ tiyín, kó lè kárí."

Ojú ti Fusae débi pé kò lè dúpẹ́. Ó fọwọ́ méjèèjì gbà á, ó gbé e fún Chinatsu. Ó wá yíjú sí ọkọ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jáde lọ bá wọn. Kẹ́tùlù ló wà lọ́wọ́ wọn yẹn. Ẹ̀yin lẹ máa sọ ohun tó wà nílé wa fún wọn."