Òǹtẹ̀ Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Lù

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìbẹ̀ṣẹ̀, apẹja ni bàbá mi, kò sì mọ̀wé. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ dídùn mú un tẹ àtàǹpàkò sórí ìwé kan báyìí, bí ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wa ṣe lọ nìyẹn. Láti ọjọ́ náà ló ti ń fi pàṣán lé mi lọ sílé ìwé. Ó ní ọmọ tí òun bí kò ní tẹ àtàǹpàkò, kíkọ ni yóò máa kọ, ẹni tó bá sì mọ̀wé kọ, kò sẹ́ni tó lè rẹ́ ẹ jẹ. Ẹ̀yin ọmọ, ìdí tí mo fi di akọ̀wé kóòtù nìyẹn. Bàbá mi ti kú kí n tó mọ̀ pé wọ́n ń rẹ́ akọ̀wé náà jẹ.

Ìgbà tí mò ń sọ yìí, fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ̀lú ni, ewú sì ti ń yọ lórí mi. Ìkòròdú ni mò ń gbé, kóòtù ìbílẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ ni o, ẹjọ́ ogún ni o, ẹjọ́ ilẹ̀ ni o, èmi ni mò ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń rò ó. Bí ẹnì kan bá sì fẹ́ ẹ̀dà ẹjọ́ àtijọ́, ọwọ́ ni mo fi ń dà á kọ, ojú ewé kan tẹ̀lé èkejì, nítorí ìwé ńlá kóòtù kò gbọdọ̀ jáde nílé. Lẹ́yìn tí iṣẹ́ ọjọ́ bá parí la máa ń ṣe àdàkọ yìí, akọ̀wé sì ní ìpín tirẹ̀ nínú owó rẹ̀. Òfin ọ́fíìsì wa ni pé ìwé kankan kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ láìní nọ́ńbà rìsíìtì lórí. Èyí tí kò bá ní rìsíìtì, a ní òǹtẹ̀ kan tó ń sọ pé iṣẹ́ ìjọba ni, ọ̀fẹ́ ni. Ìwé tí kóòtù bá ń fi ránṣẹ́ sí kóòtù mìíràn la ṣe òǹtẹ̀ yẹn fún.

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé káńsù kan ń bá ìdílé kan ṣẹjọ́ lórí ilẹ̀ ọjà. Káńsù wo? Ẹ má bi mí, mi ò fẹ́ wàhálà lọ́jọ́ alẹ́ mi. Wọ́n nílò gbogbo ẹjọ́ àtijọ́ tí wọ́n ti rò lórí ilẹ̀ náà. Ọ̀gá tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ òfin wọn fúnra rẹ̀ ló wá bá mi, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Bàbá, ẹ bá wa ṣe é ná," ló wí. "Ẹ ṣáà jẹ́ kí ìwé jáde, owó yín ń bọ̀ níparí oṣù. Ṣebí ilé kan náà ni gbogbo wa."

Ojú tì mí láti sọ pé kó lọ sanwó ná. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni mo fi dà á kọ, ìka mi wú. Nígbà tí kò sí rìsíìtì, tí ìwé sì gbọ́dọ̀ jáde, òǹtẹ̀ ọ̀fẹ́ yẹn ni mo lù sí ojú ewé kọ̀ọ̀kan. A kì í mọ̀ ọ́n rìn kí orí má mì. Gbogbo àwa akọ̀wé ìgbà yẹn là ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún èèyàn ńlá tó bá ní owó ń bọ̀.

Oṣù parí, òmíràn tún parí. Káńsù fi ìwé tí mo kọ jàre ẹjọ́, wọ́n pa màlúù, wọn ò tilẹ̀ rántí fi ẹran ránṣẹ́ sí mi. Mo wá di ẹni tó ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì wọn. Bí mo bá dé lónìí, ọ̀gá wà nípàdé; bí mo bá dé lọ́la, fáìlì mi wà lórí tábìlì. Bẹ́ẹ̀ àkọ́bí mi obìnrin ti rí àyè sí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, wọ́n sì ti dá ọjọ́ tí owó ìwọlé gbọ́dọ̀ pé. Owó káńsù yẹn ni mo gbójú lé. N kò ní òmíràn.

Nígbà tó ku oṣù kan kí ọjọ́ pé, mo pè wọ́n lẹ́jọ́. Mi ò lè ṣẹjọ́ níbi tí mo ti jẹ́ akọ̀wé, nítorí náà wọ́n gbé e lọ sí kóòtù kan lápá Ẹ̀pẹ́. Mo máa ń wọ ọkọ̀ ní ìdájí, a ó gba ọ̀nà Ìmọ̀tà kọjá, ìwé mi á wà nínú àpò lábẹ́ apá mi. Ọkàn mi balẹ̀. Mo ní ẹni tó bá ṣiṣẹ́ ni yóò gbowó.

Lọ́yà káńsù, ọmọ tí mo lè bí, na ojú ewé kan sókè.

"Bàbá, ọwọ́ ta ló kọ èyí?"

"Ọwọ́ mi ni."

"Ta ló lu òǹtẹ̀ yìí?"

"Èmi ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé…"

"Ẹ kàn bá wa ka ohun tó wà lára òǹtẹ̀ náà ni, sà."

Mo kà á. Àánú mi ṣe adájọ́, mo rí i lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n àánú kì í ṣe òfin. Ó ní ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé ọ̀fẹ́ lòun ṣe é kò lè yí padà bèèrè owó. Wọ́n da ẹjọ́ mi nù. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ọjọ́ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kọjá.

Inú bí mi nígbà náà, inú ṣì ń bí mi báyìí tí mò ń sọ ọ́. Àmọ́ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ìránṣẹ́ káńsù wọ ọ́fíìsì mi. Ìdájọ́ ti Ẹ̀pẹ́ ti padà dé ọ̀dọ̀ wa, nítorí ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti gbé ẹjọ́ náà lọ síbẹ̀, káńsù sì fẹ́ ẹ̀dà mẹ́ta fún fáìlì wọn. Ó ní, "Bàbá, ọ̀gá ní kí ẹ bá wa ṣe é ná."

Mo ní kó padà lọ, kó lọ sanwó, kó gba rìsíìtì wá.

Mo rò pé kò ní padà. Kí wọ́n tó pe ìrun ọ̀sán, ó ti dé, owó pé pérépéré. Kò sí ìpàdé, kò sí fáìlì lórí tábìlì. Owó wà ńlẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi! Ó ti wà ńlẹ̀ tipẹ́! Mo jókòó, mo fi ọwọ́ mi tó gún régé kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta pé káńsù kò jẹ mí ní kọ́bọ̀.

Nígbà tí mo gbé ìpín mi nínú owó ẹ̀dà mẹ́ta náà délé, ọmọbìnrin mi rí i lọ́wọ́ mi, ojú rẹ̀ tàn. Ó ní, "Bàbá, wọ́n ti san án?" Mo wọ yàrá lọ.

Lónìí, ẹ̀rọ ló ń ṣe àdàkọ, kí o tó ṣẹ́jú ìwé ti jáde, kò sí ìka ẹnikẹ́ni tó ń wú mọ́. Àwọn ọmọ máa ń sọ fún mi pé ayé ti lajú. Ó lajú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mò ń gbọ́ lórí rédíò bí àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì ṣe ń tò síwájú ọ́fíìsì, tí wọ́n ń sọ fún wọn pé owó ń bọ̀, mo sì máa ń pa rédíò náà. Àkọ́bí mi ní ìsọ̀ ní ibùdókọ̀ Benson ní Ìkòròdú, ó ń ta búrẹ́dì àti mílíìkì, Ọlọ́run ò jẹ́ kébi pa á. Bí ara ọmọ aládùúgbò bá gbóná, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e sáré lọ, nítorí ọwọ́ rẹ̀ tutù, ó sì ní sùúrù. Obìnrin yẹn ì bá ti di nọ́ọ̀sì àgbà.