Ọjọ́ tí Orin Dákẹ́ Lórí Àtẹ̀gùn

Kí n má purọ́, nọ́ọ̀sì kò jẹ̀bi. Ó yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ọkọ mi wò ní ilé ìwòsàn, ó mi orí, ó ní, "Bàbá, ẹ̀jẹ̀ yín ga. Ẹ máa lo oògùn yìí láràárọ̀, kí ẹ sì máa rìn díẹ̀díẹ̀. Tí ẹ bá ń rìn tí ẹ ò lè sọ̀rọ̀, ẹ ti ń yára jù nìyẹn o. Kí ẹ dúró."

Ọkọ mi ti lé ní àádọ́rin ọdún. Oko kòkó ló ń ro ní Atosin látìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, kí àwọn ọmọ tó ní ó tó gẹ́ẹ́, kó wá jókòó sílé ní Ìdànrè. Ìjókòó yẹn ló sọ ikùn rẹ̀ di nǹkan tí à ń wò. Mo rò pé yóò kàn máa rìn dé títì, kó sì padà. Àṣé mi ò tíì mọ ọkùnrin tí mo fẹ́.

Ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni wá, kò sì sí ohun tí ọkọ mi ń ṣe tí kì í fi àdúrà kún. Ó ní tí rírìn bá ti di dandan, òkè ni òun máa gùn, àtẹ̀gùn òkè Ìdànrè tí àwọn àlejò ń gùn tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ yẹn. Ó ní òun á fi ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ méje bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, láìjẹ, láìmu, títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ẹsẹ̀ lásán ni o, nítorí ilẹ̀ àdúrà ni.

"Ṣé ohun tí nọ́ọ̀sì wí fún yín nìyẹn, Dádì?"

"Ó ní tí mo bá ti ń sọ̀rọ̀, kò sí wàhálà. Orin ni mo máa kọ lọ, kọ bọ̀."

Ẹ gbọ́ mi! Kí lẹ fẹ́ kí n sọ sí irú èyí? Ẹsẹ̀ òkè níbẹ̀ ni ilé wa wà. Láràárọ̀ ni mò ń dúró lẹ́yìnkùlé, tí mo ń dẹtí sí ohùn rẹ̀. Bí mo bá ń gbọ́ ọ, mo lè ro ẹ̀kọ. Bí atẹ́gùn bá gbé e lọ, ọwọ́ mi á dúró sínú ìkòkò.

Ní ọjọ́ karùn-ún, mo fẹ́ fọ sùtánà rẹ̀ tó so kọ́. Mo ki ọwọ́ bọ àpò, mo bá oògùn márùn-ún tí ó fi bébà wé. Márùn-ún géérégé! Omi ni wọ́n fi ń gbé oògùn mì, omi sì ń ba ààwẹ̀ jẹ́, ló bá ń tọ́jú wọn pamọ́ fún mi. Ìgbà tí mo gbé orí sókè ni mo tó mọ̀ pé mi ò gbọ́ orin mọ́.

Mo bu omi sínú ike, mo mú oògùn kan, mo gbéra. Èmi tí orúnkún ń ro, èmi tí mi ò rìn kọjá ọjà láti ọjọ́ yìí, mo ń sáré gun òkè! Nígbà tí mo fi máa dé ibi ìsinmi àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ mi méjèèjì kọ̀. Mo fẹ́ pè é, ohùn ò jáde. Mo rántí ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì, ojú tì mí. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń gbàdúrà, ètè mi nìkan ló ń mì. Mo ti ń ro bí mo ṣe máa pe àwọn ọmọ lórí fóònù, kí ni mo máa kọ́kọ́ sọ.

Ó yọ lókè. Ó di irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn mú, ó ń sọ̀kalẹ̀ bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn. Ètè rẹ̀ ti gbẹ. Ó jókòó tì mí, ó ní ojú ń ṣú òun.

Mo na omi àti oògùn sí i. Kò gbà á.

"Màmá, ó ku ọjọ́ méjì."

"Ó ku ọjọ́ méjì sí kí ni?" Inú bí mi débi pé ohùn mi padà wá. "Sí kí n di opó? Ẹ gbé e mì!"

Ó gbé e mì. Omi ń dà sí i láyà. A rọra sọ̀kalẹ̀, ọ̀kadà ló gbé wa dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì sì bá àwa méjèèjì wí dáadáa.

Ní báyìí, bàtà ti wà lẹ́sẹ̀, oògùn ti wà nínú, ẹ̀gbẹ́ títì tó lọ sí Aládé la jọ ń rìn láràárọ̀. Mi ò jẹ́ kó kọrin mọ́. Ìbéèrè ni mò ń bi í: kí la máa jẹ, ta ló kọjá yẹn, ṣé ó rántí yàrá tí a kọ́kọ́ gbé ní Atosin. Ó ní ọjọ́ ogbó ti sọ mí di aláròyé. Kó máa wí. Tó bá pẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn, mo ti dúró, mo ti ń wo ẹnu rẹ̀.