Kíkí Kún Ojú Ìwé

Ojú mi méjèèjì yìí ni mo fi rí i, ọ̀rẹ́ mi, ẹnikẹ́ni ò sọ ọ́ fún mi. Ilé ìtẹ̀wé kan ní Òkè-Ìlèwó ni mo wà nígbà náà, kí àwọn sójà tó tún gbàjọba. Òórùn tàdáwà àti kẹrosíìnì tí a fi ń fọ lẹ́tà òjé kì í kúrò lára mi, bí mo tilẹ̀ fi kànìnkànìn ha ara. Ìwé kẹta ni mo kà dé, ṣùgbọ́n bí o bá bèèrè ẹni tó mọ lẹ́tà tò jù l'Abẹ́òkúta, èmi ni wọn yóò júwe.

Akẹ́kọ̀ọ́ méjì, ọkùnrin kan, obìnrin kan, wá láti ilé ẹ̀kọ́ girama kan lọ́nà Odẹ́dá. Ìjọba ìbílẹ̀ fẹ́ gbẹ́ kànga kan ṣoṣo: bóyá ní ilé ẹ̀kọ́ wọn, bóyá ní ilé àlejò ìjọba. Ìwé ìròyìn tí à ń tẹ̀ sì fún wọn láyè díẹ̀ láti sọ èrò wọn kí ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ tó jókòó lórí rẹ̀. Ọmọbìnrin náà ń tiro. Sòbìà láti inú omi odò wọn ti wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Mo ka iṣẹ́ wọn, orí mi gbóná. “Alága ọlọ́lá, ẹ̀yin adájọ́ tí kì í ṣègbè, olùṣọ́ àkókò…” Bí ẹni pé orí pèpéle àríyànjiyàn ni wọ́n wà! Wọ́n kí kábíyèsí, wọ́n kí ìjòyè, wọ́n kí ìyálọ́jà. Ìdí ìwé pátápátá ni ọ̀rọ̀ omi wà. Òfin ọ̀gá wa sì ni pé a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ ẹni tó kọ ọ́; bó bá pọ̀ ju àyè lọ, ìsàlẹ̀ la ó ti gé e. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn, mo fún wọn ní pẹ́ńsù.

“Ẹ kà á sókè fún ara yín. Èyí tí kò bá bèèrè omi, ẹ fagi lé e.”

Ọmọkùnrin náà fagi lé olùṣọ́ àkókò. “Ó tán, sà.”

“Kí ló tán? Kábíyèsí ńkọ́?”

“Bọ̀dá, ta ní ń tọrọ nǹkan lọ́wọ́ àgbà láì kí i?” Ọmọbìnrin ló sọ bẹ́ẹ̀.

“Ìwé kì í kúnlẹ̀, àbúrò.”

“Ẹni tó kọ ọ́ ń kúnlẹ̀, bọ̀dá.”

Mo ní kí wọ́n tún un kà. Wọ́n kà á, wọ́n rántí pé àwọn ò tíì kí lẹ́mọ́ọ̀mù àti bíṣọ́ọ̀bù, wọ́n bá fi wọ́n kún un. Ó wá gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ! Mo pariwo, mo bẹ̀bẹ̀, ohùn mi há. Nígbà tí ẹ̀rọ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo tò ó bó ṣe wà, ọ̀gá sì gé ìsàlẹ̀.

Inú ṣì ń bí mi tí mo bá rántí. Ṣùgbọ́n mo ti wá mọ̀ pé ẹni tí nǹkan ń ni lára jù ni kíkí rẹ̀ máa ń gùn jù. Ẹ̀rù ń bà á pé bóun bá dé orí ọ̀rọ̀, wọn yóò kọ̀.

Gbogbo àwọn tí wọ́n kí ló wọ inú ìwé ìròyìn. Ilé àlejò ló gba kànga, omi odò sòbìà náà ni wọ́n sì ń mu lọ nílé ẹ̀kọ́. Ohun tó ṣòfò ni ìlà mẹ́rin tó bèèrè omi, kànga kan, àti ọdún ẹ̀kọ́ kan lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè gbé e dé ibi ìdánwò.