Omi Ilé Ìpẹran àti Ọbẹ̀ Ìyá Mi

Lẹ́yìn ilé wa ní àdúgbò Yantala, nílẹ̀ àwọn tó ń sọ Faransé, omi ilé ìpẹran máa ń ṣàn kọjá nínú gọ́tà tí kò ní ìdérí. Ẹ̀jẹ̀ ń bẹ níbẹ̀, ìgbẹ́ màlúù ń bẹ níbẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni àwọn alápatà ti ń fọ ṣàkì. Lẹ́tà mẹ́ta ni mo kọ ní èdè Faransé sí ọ́fíìsì tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Ẹnu lásán ni ọ̀gá ibẹ̀ fi dá mi lóhùn: "Ẹ sọ fún àwọn obìnrin yín kí wọ́n se ẹran jinná."

Ohun tó dùn mí jù ni pé ìyá mi gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ní Ìlọrin tí a ti wá, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń gbé ọbẹ̀ kaná kó má baà kan. Ọbẹ̀ ìyá mi, tó ń fi ṣàkì àwọn alápatà yẹn sè, lè lo ọjọ́ mẹ́rin bẹ́ẹ̀.

Mo ní, "Màámi, kòkòrò àìfojúrí kan wà nínú omi yẹn tí iná kì í tètè pa. Á sá pamọ́ sínú èèpo bí irúgbìn. Bí ọbẹ̀ bá ti lọ wọ́ọ́rọ́, á jí, á máa bí sí i, á sì tu oró síbẹ̀. Bẹ́ ẹ bá tún gbé e kaná, òun lè kú, oró rẹ̀ ò ní kúrò."

"Ṣé ìwọ àti ẹ̀ jọ ń gbélé ni, tó o fi mọ gbogbo ìṣe ẹ̀?" Ó bu ọbẹ̀ sórí ìrẹsì mi. "Jẹun, jàre."

Ó yẹ kí n ka tèmi náà mọ́ àwọn ẹ̀ṣẹ̀ yòókù: mo mọ̀, mo sì jẹ ẹ́, nítorí ojú ìyá mi. Ọmọbìnrin mi kékeré náà jẹ. Kò pẹ́ tí àwa méjèèjì fi bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Ìyá mi ń gbààwẹ̀ lọ́jọ́ náà, nǹkan kan ò ṣe é. Ó jókòó ti ọmọ náà ní ilé ìwòsàn, tí ojú ọmọ ti jìn wọnú.

Nígbà tí wọ́n dá ọmọ sílẹ̀, mo ń mú lẹ́tà kẹrin lọ sí ọ́fíìsì. Ìyá mi bu ìyókù ọbẹ̀ náà sínú kúlà, ó tẹ̀ lé mi. Ó kí ọ̀gá náà ní èdè Hausa, ó ṣí kúlà níwájú rẹ̀.

"Alhájì, mo sè é jinná bẹ́ ẹ ṣe wí. Mo tún gbé e kaná láàárọ̀ yìí. Ẹ bá mi tọ́ ọ wò."

Ọkùnrin náà wo ọbẹ̀, ó wo èmi. Ó ní òun ti jẹun.

"Ẹ̀yin náà ò gba ọ̀rọ̀ yín gbọ́ nìyẹn," ni ìyá mi wí, ó dé kúlà rẹ̀.

Lẹ́tà kẹrin yẹn nìkan ni wọ́n lu òǹtẹ̀ lé pé àwọn ti gbà á. Gọ́tà náà ṣì wà ní ṣíṣí. Ìyá mi ti ra ìkòkò kékeré, oúnjẹ ọjọ́ kan ló ń sè báyìí, ó sì ń kùn sí mi bó ṣe ń sè é.